Ẹja Tó Wà Lábẹ́ Ilé Marianti

Kò sí ẹni tó mọ Marianti ní àdúgbò Splantzia, nílùú Hania, tí kò mọ̀ pé ó ṣe ìlérí kan fún ọkọ rẹ̀. Stratis, ọkọ náà, wà lórí ibùsùn àìsàn tó padà pa á, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ pátápátá. Ó di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú, ó ní, "Má jẹ́ kí wọ́n gbé Màmá kúrò nínú ilé yìí. Wọ́n ti lé e kúrò nílé kan rí. Ibí ni kó kú sí." Marianti ní òun gbọ́, òun sì ṣèlérí. Ọjọ́ kẹta ni Stratis kú. Wọ́n sin ín, wọ́n jẹ àlìkámà sísè tí a fi ń rántí òkú ní ogójì ọjọ́ rẹ̀, oníkálukú padà sẹ́nu iṣẹ́. Marianti nìkan ló kù nínú ilé pẹ̀lú ìyá ọkọ rẹ̀ àti ìlérí yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí n tó lọ jìnnà: obìnrin náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àwọn kan wà ládùúgbò wa níbí tí ẹnu wọn kì í sinmi, tí wọ́n ń sọ títí dòní pé ó fọwọ́ ara rẹ̀ ba ilé àgbàlagbà jẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ohun tí Marianti ṣe, gbogbo àwa tí a ní ilé nínú ìlú àtijọ́ Hania la máa ń ṣe é, ti wa ni kò tíì hàn síta.

Kaliopi ni ìyá ọkọ yẹn ń jẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tí ọkọ̀ ojú omi gbé òun àti ìyá rẹ̀ dé láti Aivali, lọ́dún tí wọ́n lé gbogbo àwọn ènìyàn wa kúrò lódìkejì òkun, tí wọ́n sì ń kó àwọn Mùsùlùmí tiwa lọ rọ́pò wọn. Aṣọ ọrùn wọn nìkan ni wọ́n mú wá. Ìjọba fún wọn ní ilé àwọn Mùsùlùmí kan tó fẹ́ lọ, ilé olókè kan tó ní yàrá méjì lókè, ilé ìdáná nísàlẹ̀, àti àgbàlá kékeré. Ibẹ̀ ló dàgbà sí, ibẹ̀ ló ti lọ́kọ, ibẹ̀ ló bí Stratis sí. Nígbà tó lé díẹ̀ ní ọmọ ọgọ́rin ọdún ló ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun ìbàdí rẹ̀ ṣẹ́, kò sì sọ̀ kalẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n gbé ibùsùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń wo ṣọ́ọ̀ṣì wa láti ibẹ̀, èyí tó ní ilé agogo lápá kan, tó sì ní ilé gíga tí wọ́n ti ń pe ìrun láyé àtijọ́ lápá kejì.

"Ìwọ náà wò ó," ló máa ń sọ fún Marianti, "ṣọ́ọ̀ṣì yìí náà ò tíì mọ ilé ta ni òun ń gbé."

Ẹnu rẹ̀ mú. Láti ojú fèrèsé yẹn ló ti ń kí ẹni tó ń kọjá, tó ń bú ẹni tó yẹ kó bú, tó ń sọ iye ìgbà tí ọmọ alápatà wẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí gbogbo Splantzia gbọ́ ohun kan, Kaliopi ni kó o sọ ọ́ fún. Kò sẹ́ni tó gbà pé obìnrin náà lè pa àṣírí mọ́ dọ́sàn-án.

Iṣẹ́ Marianti ni páì wàràkàṣì. Láàárọ̀ kùtùkùtù ló ń pò ó, tó ń yan án, á gbé àtẹ lọ sí àwọn ilé kọfí etí òkun tó dojú kọ ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà, ká tó wí ká tó fọ̀ ó ti padà délé. Iṣẹ́ mìíràn ló wá ń dúró dè é nílé. Àgbàlá ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn wà, Kaliopi kò sì lè sọ̀ kalẹ̀, póò ni wọ́n ń lò. Àtẹ̀gùn méjìdínlógún ni Marianti ń gbé póò yẹn sọ̀, orúnkún rẹ̀ méjèèjì ń ké. Èyí kò dùn ún tó ohun kejì. Ó ṣàkíyèsí pé ìyá náà kò mu omi mọ́. Bó bá gbé omi fún un, á ní òùngbẹ ò gbẹ òun. Ètè rẹ̀ bó, ojú rẹ̀ jìn wọnú. Lọ́jọ́ kan tí Marianti ń nu ara rẹ̀, ìyá bú sẹ́kún, ó yíjú sí ògiri.

"Mi ò fẹ́ kó o máa gbé ìgbẹ́ mi," ó ní. "Mo bímọ, mo tọ́mọ, kò yẹ kí n dà báyìí. Bí mi ò bá mumi, mi ò ní tọ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún Marianti lọ́kàn. Ó pinnu pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lókè, lẹ́bàá ibùsùn, kí ojú má bàa ti àgbàlagbà yìí kú. Ṣùgbọ́n bó ṣe fẹnu bà á báyìí, Kaliopi ta kú.

"Ẹ ṣe é sókè, ẹ ṣe é sórí òrùlé bó wù yín. Ẹ má gbẹ́ ilẹ̀ ilé mi."

"Màmá, páìpù gbọ́dọ̀ gba ibì kan jáde."

"Mo ní ẹ má gbẹ́lẹ̀, ìyàwó. Ṣé o gbọ́?"

Marianti gbọ́, ṣùgbọ́n ó rò pé agídí arúgbó ni. Ó rò pé ìyá kò fẹ́ kí wọ́n nínáwó nítorí òun ni. Kò bi í pé kí ló dé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà wà.

Ó lọ bá Manusos, aránbàtà tí ìsọ̀ rẹ̀ fara kan ògiri wọn. Bàtà gígùn àwọn darandaran ni Manusos ń rán, ṣùgbọ́n bíríkìlà ni bàbá rẹ̀, ó sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Òfin ni pé bí ènìyàn bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ nínú ìlú àtijọ́, kó kọ́kọ́ lọ sọ fún ọ́fíìsì àwọn tó ń tọ́jú ohun àtijọ́, nítorí kò síbi téèyàn máa fi ṣọ́bìrì kàn ní Hania tí kò ní bá ilé ẹni tó ti kú láti ẹgbẹ̀rún ọdún. Gbogbo wa la mọ òfin yìí. Kò sẹ́ni tó ń lọ sọ nítorí páìpù kan.

"O fẹ́ lọ sọ?" Manusos bi í, ó ń rẹ́rìn-ín. "Lọ sọ. Ó kúkú ti di ọdún mẹ́sàn-án tí ilẹ̀ àbúrò mi Ariadni ti wà nínú wáyà tí ọ́fíìsì yẹn fi yí i ká. Òkúta mẹ́ta péré ni wọ́n rí níbẹ̀. Ológbò nìkan ló ń gbádùn rẹ̀ báyìí."

"Bí wọ́n bá ní ká jáde nínú ilé ńkọ́, Bọ̀dá Manusos?"

"Ìyẹn ni mò ń sọ."

Oṣù kẹsàn-án ni wọ́n gbẹ́ ẹ, láàárọ̀, nígbà tí ariwo pọ̀ ní ìta. Marianti yí ohùn rédíò sókè gan-an fún ìyá ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í dún, Kaliopi pariwo láti òkè.

"Kí ni wọ́n ń fọ́ yẹn?"

"Manusos ló ń tún ẹnu ọ̀nà ìsọ̀ rẹ̀ ṣe, Màmá."

"Kó rọra o. Bí bàtà tó ń rán ló ṣe ń kọ́lé, á wó lé e lórí."

Manusos gbọ́ ọ nínú kòtò, ó mi orí. Ó gbẹ́ ẹ débi tó mu ún dé ìbàdí. Ìgbà náà ni ṣọ́bìrì ha nǹkan, ohùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ó tẹ̀ ba, ó fọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Òkúta wẹ́wẹ́ ni, dúdú àti funfun, wọ́n tò wọ́n pọ̀ tó ń dán, wọ́n sì fi wọ́n ya ìrù ẹja. Ara ẹja náà wọ abẹ́ ògiri lọ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni gọ́tà olókùúta kan gbà, omi tín-ínrín ń ṣàn nínú rẹ̀, omi mímọ́, ó ń lọ sí apá òkun.

Marianti kúnlẹ̀ létí kòtò. Fún ìgbà díẹ̀ kò rántí ohunkóhun, ẹwà ẹja náà gbà á lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù wá bò ó.

"Sìmẹ́ǹtì," Manusos ní. "Kíákíá, kí ẹnikẹ́ni tó yọjú."

"Ẹ dúró ná."

"Dúró de kí ni? Ṣó o fẹ́ kí wọ́n wá fi wáyà yí ilé ká ni? Níbo lo máa gbé ìyá yẹn lọ?"

Ó rántí ìlérí. Ó lọ mú aṣọ ibùsùn àtijọ́ kan, ó fi bo ìrù ẹja náà bí ẹni tó ń bo ọmọ, ó fọwọ́ ara rẹ̀ da yanrìn lé e kí sìmẹ́ǹtì má bàa ba òkúta rẹ̀ jẹ́. Manusos wo gọ́tà náà, ó ní ọ̀nà ti là fún àwọn tán. Ó tẹ́ páìpù sínú gọ́tà, ó fi àfọ́kù bíríkì kún un yí ká, ó da kọnkéré lé gbogbo rẹ̀.

"Omi yẹn ńkọ́?" Marianti bi í.

"Omi péńpé yẹn? Á wá ọ̀nà míì."

Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti wà lókè. Ìṣísẹ̀ mẹ́rin péré ni láti orí ibùsùn, Kaliopi á di ọwọ́ Marianti mú, á dé ibẹ̀. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ó jókòó síbẹ̀ pẹ́, Marianti ń gbọ́ tó ń sunkún ayọ̀ lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Nígbà tó jáde, ó béèrè omi, ó mu ife méjì gbáko. Lẹ́yìn náà ló béèrè.

"Ẹ ò gbẹ́lẹ̀, àbí?"

"Rárá o, Màmá. Ara ògiri ni páìpù gbà."

"Ọlọ́run á bù kún ẹ."

Inú Marianti dùn, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ìgbádùn náà fi wà.

Òjò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kọkànlá. Ilẹ̀ ilé ìdáná kọ́kọ́ tutù, Marianti ní òtútù lásán ni. Oṣù Kérésìmesì, ògiri ẹ̀yìn ń làágùn, ìyẹ̀fun rẹ̀ ń dì nínú àpò, páì rẹ̀ kò wú dáadáa mọ́. Ó sún tábìlì kúrò níbẹ̀, ó wá rí i tí ògiri là, fẹ́ẹ́rẹ́, bí irun orí. Ó ké sí Manusos. Manusos rẹ́ ẹ, ó ní ilé àtijọ́ a máa là. Nígbà tó fi di oṣù kìn-ín-ní, ìka kan ti ń wọ inú rẹ̀. Marianti gbé kọ́bọ́ọ̀dù dí i lójú. Ojoojúmọ́ ló ń fa kọ́bọ́ọ̀dù yẹn sẹ́yìn láti wò ó, ojoojúmọ́ ló ń tì í padà. Ó mọ̀ pé omi tí àwọn dí ló ń wá ọ̀nà, abẹ́ ilé ló sì ń wá a sí. Bó bá sọ, wọ́n á lé wọn. Bó bá dákẹ́, ilé á wó. Kò mọ èwo ni ṣíṣe.

Lọ́jọ́ kan ó gbé àtẹ páì rẹ̀, dípò kó lọ sí etí òkun, ó lọ dúró níwájú ọ́fíìsì àwọn ohun àtijọ́. Ó wà níbẹ̀ fún wákàtí kan nínú atẹ́gùn. Ọmọbìnrin kan jáde, ó wọ bàtà òjò tó kún fún ẹrẹ̀, ó rò pé Marianti ń tajà ni. Ó ra páì méjì.

"Ẹ ṣé, mà. Ṣé kò sí nǹkan?" ọmọbìnrin náà bi í, nítorí ó rí ojú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dé ẹnu Marianti.

"Kò sí nǹkan," ó ní, ó gbé àtẹ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Oṣù kejì ni atẹ́gùn gúúsù dé, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta láìdá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Marianti ń po ìyẹ̀fun lọ́wọ́ nígbà tí kọ́bọ́ọ̀dù rìn fúnra rẹ̀. Ó rìn kúrò lára ògiri tó ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, omi pupa sì ń tú jáde lẹ́yìn rẹ̀. Ó sá jáde, ó ké sí Manusos, Manusos ké sí àwọn panápaná. Ọ̀gá wọn wo ògiri lẹ́ẹ̀kan péré. Ó ní ẹnikẹ́ni tó bá wà lókè gbọ́dọ̀ jáde nísinsìnyí, kì í ṣe láìpẹ́.

Wọ́n gbé àga ilé ìdáná gòkè, wọ́n gbé Kaliopi lé e. Ìyá náà kò bá wọn jà. Ó kàn na ọwọ́ méjèèjì, ó di igi fèrèsé mú. Àwọn ọkùnrin náà fà á, kò tú u sílẹ̀. Wọn kò fẹ́ ṣẹ́ àgbàlagbà lọ́wọ́. Ilé dún lábẹ́ wọn. Ọ̀gá panápaná yíjú sí Marianti.

"Ìwọ ni ọmọ rẹ̀. Tú u."

Marianti tú u. Ìka kan lẹ́yìn ìkejì, ó ń tú wọn kúrò lára igi, ó ń sunkún, ó ń bẹ̀ ẹ́, Kaliopi ń wo ojú rẹ̀. Ẹnu tí kì í sinmi dákẹ́. Wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn méjìdínlógún, wọ́n gbé e gba àárín òjò, wọ́n gbé e kalẹ̀ sábẹ́ ìbòrí ilé kọfí tó wà lẹ́bàá igi ńlá àárín Splantzia. Kò tó ìdajì wákàtí tí ògiri ẹ̀yìn fi dà wó, tó sì fa yàrá òkè wálẹ̀.

Nígbà tí òjò dá díẹ̀, àwọn ará ọ́fíìsì dé. Ọmọbìnrin tó ra páì wà lára wọn, Anthula lorúkọ rẹ̀. Ó wọnú àwókù, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde, aṣọ ibùsùn tó ti jẹrà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Marianti lábẹ́ igi, ó dá a mọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ wá dúró lẹ́nu ọ̀nà wa lọ́jọ́sí. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò wọlé?"

"Ẹ máa lé wa jáde nílé."

"Torí páìpù? Mà, a ò lé ẹni tó ń gbénú ilé rẹ̀ jáde torí páìpù. À bá ya fọ́tò rẹ̀, à bá bò ó padà, à bá fi páìpù yín gba ẹ̀gbẹ́ kan. Kò ní ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ."

"Ti Ariadni ńkọ́?"

"Ilẹ̀ òfìfo nìyẹn. Ilé alájà mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ gbé lé e."

Manusos, tó wà nítòsí, tẹjú mọ́ bàtà ara rẹ̀. Marianti fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé òun mì. Ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kúnlẹ̀ sínú omi lẹ́bàá àga ìyá ọkọ rẹ̀, ó fẹ́ jẹ́wọ́, Kaliopi sì ṣáájú rẹ̀.

"Ṣé wọ́n ti rí ẹja mi?"

Marianti gbójú sókè. Ó rò pé òun kò gbọ́ dáadáa.

"Ẹja wo, Màmá?"

"Ẹja Fatme. Òun ló ni ilé ká tó dé, a jọ gbé ibẹ̀ fún oṣù mẹ́jọ kí ọkọ̀ tó wá kó wọn lọ. Ó ku ọ̀la kó lọ, ó ṣí òkúta ilé ìdáná fún mi, ó fi ẹja náà hàn mí. Ó ní omi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, a ò gbọ́dọ̀ dí i láéláé, òun ló ń gba omi òkè lọ kí ilé lè dúró. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ní bí wọ́n bá mọ̀, wọ́n á gba ilé lọ́wọ́ wa bí wọ́n ṣe gbà á lọ́wọ́ òun. Mi ò sọ fún ọkọ mi. Mi ò sọ fún Stratis. Ọdún méjìdínláàádọ́rin, ìyàwó."

"Kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ fún èmi?"

"Mo ní ẹ má gbẹ́lẹ̀. O ní ara ògiri ni."

Obìnrin méjèèjì ló fi ẹja kan náà pamọ́ fún ara wọn nítorí ilé kan náà. Kaliopi fa aṣọ ìbora tí wọ́n fi bò ó mọ́ra, ó wo fèrèsé rẹ̀ níbi tí fèrèsé kò sí mọ́.

"Ó tó," ó ní. "Òtútù ń mú mi. Mú mi lọ sílé, ìyàwó."

Yàrá kan ni Marianti gbà ní àdúgbò Nea Hora, nísàlẹ̀, kò ní àtẹ̀gùn, omi wà níbẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀. Láràárọ̀ ni Kaliopi ń sọ gbólóhùn kan náà, kò sọ òmíràn, kò bú ẹnikẹ́ni mọ́. Mú mi lọ sílé. Ọjọ́ kọkàndínlógún tí wọ́n débẹ̀ ló kú, ojú rẹ̀ sí ògiri tí kò mọ̀ rí.

Nígbà tí ogójì ọjọ́ pé, Marianti se àlìkámà, ó fi èso pómégíránétì àti ṣúgà sí i, ó pín in ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó kó èyí tó kù sínú àwo kan, ó gbé e lọ síbi tí ilé wọn wà. Wáyà ti yí ibẹ̀ ká. Anthula wà nínú rẹ̀, ó ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbálẹ̀, ó sì ṣí ẹnu ọ̀nà fún un. Wọ́n ti fọ ẹja náà mọ́ tónítóní. Odidi ni, òkúta dúdú kan péré ni ojú rẹ̀. Wọ́n ti yọ páìpù, wọ́n ti kó gbogbo àfọ́kù bíríkì, omi náà sì ti padà sójú ọ̀nà rẹ̀, ó ń ṣàn lọ jẹ́ẹ́ sí òkun. Marianti gbé àwo náà kalẹ̀ sí ibi tí ibùsùn ìyá ìbá wà ká ní òkè ṣì wà lókè.

"Stratis," ó ní, Anthula sì gbọ́ ọ, "wọn ò gbé e kúrò. Èmi ni. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo tú lára fèrèsé, èmi fúnra mi."

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá àwo náà. Anthula lọ wá àga fún un nínú àwókù náà, èyí tó rí ni àga ilé ìdáná kan, ẹlẹgbẹ́ èyí tí wọ́n fi gbé Kaliopi sọ̀ kalẹ̀.